Ìgbésẹ̀ Méje Odídẹrẹ́ àti Ilé Ẹ̀gà

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ kankan kò tíì nílé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń yé ẹyin sí. Ẹni tó bá rí koríko díẹ̀ fi tẹ́ ìdí, ó ti ṣe oríire. Bí eku bá dé, á jẹ nínú ẹyin. Bí òjò bá dé, àgbàrá á gbá èyí tí eku jẹ kù lọ.

Ẹyẹ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ẹ̀gà. Ó kéré, ara rẹ̀ pọ́n bí àgbàdo, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, Àwẹ̀ró yé ẹyin mẹ́ta sí abẹ́ igi ọ̀pẹ kan. Ojú rẹ̀ báyìí ni àgbàrá ṣe gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ parí, Àwẹ̀ró pe ọkọ rẹ̀ jókòó.

"Baálé mi," ó ní, "ẹyin tún ti wà nínú mi. Mi ò yé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́ o. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí mi ò tíì níbi tí mo máa yé e sí, ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

Ẹ̀gà la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré ló lè pa Ẹ̀gà lẹ́nu mọ́. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Ẹyin mẹ́ta tó lọ yẹn sì ń dun òun náà, ariwo ló kàn fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́run bá a ṣe é, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Odídẹrẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi àràbà. Ó ní òun yóò kọ́ gbogbo ẹyẹ ní ilé híhun.

Níbo ni Odídẹrẹ́ ti mọ ilé híhun? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, nítorí àwọn ẹyẹ ò béèrè. Ní ọjọ́ kan, Odídẹrẹ́ lọ bà sórí òrùlé obìnrin kan ní abúlé tó wà létí igbó. Agbọ̀n ni obìnrin náà ń hun, ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin bí wọ́n ṣe ń hun ún. Odídẹrẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀kan kò bọ́. Àmọ́ etí nìkan ló fi kọ́ ọ. Ara ẹ̀pà tí wọ́n sá sórí ẹní ni ojú rẹ̀ wà, kò wo ọwọ́ obìnrin náà rárá.

Bó ṣe di tíṣà nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà Odídẹrẹ́ gbé àyà síwájú, ó na ìrù pupa rẹ̀ sẹ́yìn, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Èròǹgbà ẹ̀kọ́ wa," ó ní, "ni pé nígbà tí a bá fi máa parí, kí gbogbo yín mọ ilé hun. Ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ ọ ni àkọ́sórí. Ohun èlò ìkọ́ni wa ni ẹnu mi. Ó yá, ẹ máa wí tẹ̀ lé mi! Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ya imọ̀ ọ̀pẹ!"

"Ẹ ya imọ̀ ọ̀pẹ!" ni gbogbo kíláàsì pariwo.

"Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ́ ọ! Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ta á ní kókó! Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ hun ún lọ, ẹ hun ún bọ̀, ta ló ń wo ewúrẹ́ yẹn níran, ẹ lé e kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ lé e kúrò níbẹ̀!"

"Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣe ìdí rẹ̀! Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe ẹnu rẹ̀! Ìgbésẹ̀ keje: ẹ gbé e lọ sọ́jà!"

"Ẹ gbé e lọ sọ́jà!"

Kò sẹ́ni tó béèrè pé ewúrẹ́ wo. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni ilé ẹyẹ ń wá lọ́jà. Ìdí ni pé ẹni tó bá kà á láti ìkíní dé ìkeje láìkọsẹ̀, Tíṣà á fún un ní wóró àgbàdo kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, bí Tíṣà bá ti na ẹsẹ̀ síbi tí àgbàdo wà báyìí, itọ́ á ti kún ẹnu gbogbo kíláàsì. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ara nìkan ni Tíṣà fẹ́ họ.

Ẹ̀gà ló mọ̀ ọ́n kà jù. Bó ṣe ń kà á lọ ló ń kà á bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè ìbéèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń ta kókó?"

Odídẹrẹ́ wò ó tìyanu tìyanu. "Kókó títa? Ìgbésẹ̀ kẹta ni!"

"Ẹ ṣé, sà," ni Ẹ̀gà wí, ó sì jókòó. Ó rò pé òun ti gbọ́ èsì.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó burú jù ni Àkókó. Kò lè kà dé ìgbésẹ̀ kejì. Bí àwọn yòókù bá ń kàwé, ṣe ni Àkókó á máa fi ẹnu gbá ìdí igi, *kó-kó-kó*, á gbá a, á wò ó, á yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún gbá a.

"Àkókó, o ń da kíláàsì rú!" ni Tíṣà pariwo. "Bọ́ sẹ́yìn igi àràbà yẹn, kọjú sí i, o ò gbọdọ̀ wọlé títí a ó fi ṣe tán!"

Àkókó bọ́ sẹ́yìn igi, ó kọjú sí i. Gbogbo sáà náà, ẹ̀yìn igi ló wà. *Kó-kó-kó.*

Ọjọ́ ìdánwò pé. Odídẹrẹ́ pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á fún un. Ẹ̀gà gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ké "ẹ lé e kúrò níbẹ̀" débi pé àwọn tó wà nítòsí sá. Tíṣà fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìyẹn ewé gbódògì tó fi èékánná rẹ̀ tẹ̀ ní òǹtẹ̀. Àkókó gba òdo, níbi tó dúró sí.

Ẹ̀gà fi ayọ̀ fò délé. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró! Mo ti mọ̀ ọ́n!"

"Ẹ káre, baálé mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ó yá, ẹ hun ún."

Ẹ̀gà bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ, ó gbé orí sókè, ó kà á láti ìkíní dé ìkeje. Ó ṣe tán, ó ń retí wóró àgbàdo.

Àwẹ̀ró wo orí ọ̀pẹ. Imọ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ilé dà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni."

"Ewúrẹ́ wo lẹ ní kí wọ́n lé?"

Ẹ̀gà ronú. "Ewúrẹ́ ìgbésẹ̀ kẹrin."

"Ilé tí mo fẹ́ yé sí, ẹ tún máa gbé e lọ sọ́jà?"

Ẹ̀gà yára fa ewé gbódògì rẹ̀ yọ. Ó fi ìwé ẹ̀rí han ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó lé e díẹ̀, ó dìde.

"Kò gba ẹyin," ó ní.

Ojú ti Ẹ̀gà. Ó ya imọ̀ ọ̀pẹ kan, ó lọ́ ọ, ó jábọ́. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró díẹ̀. Ó fi ọjọ́ méjì kó wọn jọ títí ó fi ní nǹkan kan tó ń fì lókè. Àwẹ̀ró gbé òkúta kékeré kan, ó jù ú sínú rẹ̀ láti dán an wò. Òkúta gba ìdí ilé jáde, ó bà lé Ẹ̀gà lórí gbì.

Ẹ̀gà di orí mú, ó gba ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ.

"O ò ka ìgbésẹ̀ karùn-ún sókè tó ni," ni Odídẹrẹ́ wí. "Lọ kà á lẹ́ẹ̀mejìlá."

Ẹ̀gà lọ kà á lẹ́ẹ̀mejìlá. Ìdí ilé ṣì wà ní gbangba. Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú níhà ìlà oòrùn. Àwẹ̀ró gbóòórùn òjò, ó kọjú sọ́nà ilé bàbá rẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Ẹ̀gà jù, nítorí obìnrin tí kò bínú mọ́ ti pinnu.

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́," ó ní, "jẹ́ kí n pe Tíṣà wá. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí a jọ wò ó."

Odídẹrẹ́ dé, gbogbo kíláàsì tẹ̀ lé e. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ya imọ̀ ọ̀pẹ," ó ní, ó ki ẹnu bọ imọ̀. *Kẹ́!* Imọ̀ gé sí méjì. Ẹnu tó ń fọ́ èkùrọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra di nǹkan mú. Ó mú òmíràn. *Kẹ́!* Ó mú ẹ̀kẹta. *Kẹ́!* Imọ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ wérewère, Tíṣà sì ń kàwé kíkankíkan, ó ń lé ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo kíláàsì ti wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ̀gà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àánú Tíṣà ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é, nítorí òun ló gba ọgọ́rùn-ún.

"Ẹ jókòó, Tíṣà, ẹ sinmi," ni Àwẹ̀ró wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n hun. Àmọ́ tí kò bá dáa, mo máa mọ̀. Ẹ má ṣe méje. Ẹ ta kókó kan péré, kí n fà á wò."

Ẹ̀gà ta kókó kan. Àwẹ̀ró fi ẹnu fà á. Ó tú.

"Ẹ tún un ṣe."

Ó ta òmíràn. Àwẹ̀ró fà á. Ó tú.

"Ẹ tún un ṣe."

Èyí tó ta ṣìkẹta, inú ń bí i, ó kàn fi ìbínú ki ẹnu imọ̀ bọ abẹ́ imọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwẹ̀ró fà á. Kò tú. Ó fà á títí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Kò tú.

Ẹ̀gà sún mọ́ ọn. Ó wo èyí tó tú, ó wo èyí tó dì. Ó wá rí i pé abẹ́ tí imọ̀ gbà kọjá ni àṣírí wà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti béèrè àgbàdo. Ó ta ìkẹrin, ó ta ìkarùn-ún, gbogbo wọn dì.

Ó hun ilé kan. Àwẹ̀ró wọ inú rẹ̀, ó jáde. "Ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́." Ẹ̀gà tú u palẹ̀. Ó hun òmíràn. Àwẹ̀ró wo ẹnu ọ̀nà tó dojú kọ ọ̀run. "Òjò máa bá mi wọlé." Ẹ̀gà tú u palẹ̀. Àwọn ẹ̀gà yòókù rí i, àwọn náà wá bà sórí ọ̀pẹ yẹn kan náà, oníkálukú ń hun tirẹ̀, ó ń yọjú wo ti ẹnìkejì. "Fi bọ abẹ́!" "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" "Wo tèmi!" "Tìrẹ náà ò dáa!" Ariwo gba gbogbo igbó.

Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́, Ẹ̀gà ta kókó ìkẹyìn. Ilé náà ń fì lókè, kò síbi tí ó ti lu, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Àwẹ̀ró gbé òkúta sínú rẹ̀. Òkúta dúró. Ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òjò dà bíi pé wọ́n tú odò kan sílẹ̀ látòkè.

"Àwẹ̀ró?" ni Ẹ̀gà ké láti ìta, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ṣé kí n tún un ṣe?"

"Ẹ wọlé, baálé mi," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹ rọra o, ẹyin wà ńlẹ̀."

Ẹ̀gà sunkún. Kò fi ariwo bò ó.

Tíṣà Odídẹrẹ́ ńkọ́? Ó ti padà sábẹ́ igi àràbà, òjò ń pa á. Gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, ó ń gbọ̀n, ó ń ka ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn igi àràbà.

"Tíṣà! Ẹ wọlé níbí!"

Àkókó ni. Ihò ńlá kan wà lára igi náà, ó jìn, ó gbẹ, òjò kò lè dé inú rẹ̀. Odídẹrẹ́ wọlé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè.

"Àkókó, níbo lo ti kọ́ èyí?"

"Ibi tí ẹ ní kí n dúró sí náà ni, sà," ni Àkókó wí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń hunlé sórí ọ̀pẹ, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń kọjú sílẹ̀. Akọ á hun ún, abo á yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo wọn, ẹ má sọ̀kò lù wọ́n, kíláàsì ń lọ lọ́wọ́ ni. Láti ọjọ́ náà sì ni odídẹrẹ́ ti ń gbé inú ihò igi tí kì í ṣe òun ló gbẹ́ ẹ, tó ń tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ.

Bí ẹ bá sì pàdé rẹ̀, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Á dá yín lóhùn kíá pé ìgbésẹ̀ kẹta ni. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, èmi náà ń lọ lé ewúrẹ́ tèmi.