Òkúta Mẹ́ta tí Òjòlá Bì

Ẹ sún mọ́ iná. Ẹni tó bá ń tòògbé, kí ó fi omi bọ́ ojú. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lórí Ògúnṣakin tó ń lu ìlẹ̀kẹ̀, ó dá lórí Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, ó sì dá lórí Òjòlá tó jáde láti inú odò. Bí mo bá dá orin, ẹ̀yin ni ẹ óò máa gbè é. Ègbè yín ni, "Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́."

Ìyálẹ̀ta ni, nínú ọyẹ́. Oòrùn ti yọ ṣùgbọ́n kò mú, eruku bò ó lójú. Ògúnṣakin jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ní etí odò, ó kó irinṣẹ́ síwájú. Ìlu mẹ́ta ni ó ní, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń dá ihò sí òkúta. Ọ̀kan nípọn bí àtàǹpàkò, ọ̀kan tó ìka ọmọdé, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀gún ọsàn. Òòlù méjì ni ó ní, ọ̀kan irin, ọ̀kan igi.

Àyọ̀ká gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Ó ní, "Baálé mi, ètè rẹ ti là bí ilẹ̀ oko. Gba òrí, fi pa á."

Ògúnṣakin ní, "Fi pa tìrẹ ná. Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ jù."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí nǹkan fi wọ́ dé láti ẹ̀yìn. Wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́. Kí ó tó yíjú, Òjòlá ti ká mọ́ ọn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún.

Ògúnṣakin na ọwọ́ sí àdá.

Òjòlá ní, "Bí o bá fi ọwọ́ kàn án, egungun ìyàwó rẹ yóò dún kí àdá tó gbéra nílẹ̀."

Ògúnṣakin fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fẹ́?"

Òjòlá ní, "Àwọn ẹranko ní ọrùn mi kò yàtọ̀ sí ìrù mi. Ọ̀bọ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ náà. Mo ti gbé Ọ̀bọ mì, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kò tán. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ fi sí ọrùn, kí wọ́n lè mọ ibi tí orí mi ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ya ẹnu, ó bì. Òkúta pupa mẹ́ta jáde, ó yí gbirigbiri dé iwájú Ògúnṣakin. Itọ́ ṣì wà lára wọn, wọ́n sì gbóná.

Òjòlá ní, "Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ tí ihò rẹ̀ já. Mẹ́ta ni mo fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn máa ń gbọ̀n. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fọ́, ibi tí òkúta gbà jáde ni ìyàwó rẹ yóò gbà wọlé." Ó gbé orí lé èjìká Àyọ̀ká, ó ń kọrin sí i létí:

Òjòlá ká, Òjòlá ká,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*
Bó bá fọ́, mo ká sókè,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*
Bó bá já, mo tú sílẹ̀,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*

Ìbẹ̀rù mú Ògúnṣakin. Ìbẹ̀rù sì rèé, ohun tó tóbi ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ó mú ìlu tó nípọn jù lọ, ó mú òòlù irin, ó fi ọwọ́ lásán di òkúta àkọ́kọ́ mú.

Àyọ̀ká ní, "Baálé mi, irin yẹn tóbi jù fún un."

Ó ní, "Dákẹ́. Jẹ́ kí n yára gbà ọ́ sílẹ̀."

Ó gbé òòlù sókè, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Gbàà. Òkúta là sí méjì.

Òjòlá kò bínú. Ó kàn ká sókè, láti orúnkún dé ìbàdí. Ó kọrin náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ bá mi gbè é:

Òjòlá ká, Òjòlá ká,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*
Ọ̀kan fọ́, ó ku méjì,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*

Ògúnṣakin ju òòlù irin nù. Ó mú ìlu tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú òòlù igi. Ó ki òkúta kejì bọ ẹnu igi tó là, ó fi okùn dì í pinpin, ó fi epo pa ẹnu ìlu. Ó ń lu ú. Kín-ín, kín-ín, kín-ín. Ihò ń jìn.

Àmọ́, bí a ti ń lu òkúta ni pé, nígbà tí ihò bá dé ìdajì, a óò dáwọ́ dúró. A óò yí òkúta padà, a óò bẹ̀rẹ̀ láti ojú kejì, kí ihò méjèèjì lè pàdé ní àárín. Ẹni tó bá lu ú láti ojú kan ṣoṣo, ojú kejì yóò tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá Ògúnṣakin ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí bí ojú Àyọ̀ká ti ń ṣú, ó sì gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kò dúró. Kín-ín, kín-ín, kín-ín, fáú. Ojú kejì òkúta náà tú yángá-yángá.

Àyọ̀ká sọ ọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní, "Baálé mi, o kò..." Òjòlá ká sókè, láti ìbàdí dé àyà, láti àyà dé ọrùn. Ọ̀rọ̀ náà kò parí.

Òjòlá ká, Òjòlá ká,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*
Méjì fọ́, ó ku ọ̀kan,
*Kín-ín kín-ín, lu ú jẹ́jẹ́.*

Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Àyọ̀ká ṣì ní níta. Ó la àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó yí i padà, ẹ̀yìn ọwọ́ sì dojú kọ òkè. Ó tún ṣe é. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ògúnṣakin rí i, ó sì yé e.

Ó gbé irinṣẹ́ gbogbo sílẹ̀. Ó fi yanrìn nu òógùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ń mú àwọn ìlu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dán ẹnu wọn wò lórí èékánná.

Òjòlá ní, "Ṣé o ti fi í sílẹ̀ fún mi ni?"

Ó ní, "Rárá o. Èyí tó tọ́ ni mò ń wá."

Ó tún mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó di òkúta kẹta, ó pa epo, ó bẹ̀rẹ̀. Kín-ín, kín-ín, kín-ín. Ihò dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró.

Òjòlá ní, "Kí ló dé tí o dúró?"

Ó ní, "Ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró nìyí."

Bí ó ti ń tú okùn, ọwọ́ Àyọ̀ká rọ̀, ó wálẹ̀, kò mira mọ́. Ògúnṣakin rí i. Ẹ̀yin ọmọ, ó rí i dáadáa, kò sì yára. Ó yí òkúta. Ó dì í. Ó pa epo. Kín-ín, kín-ín, kín-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn ìlu náà yí padà. Tóò. Ó gbé òkúta sójú ọ̀run, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti já."

Òjòlá ní, "So ó mọ́ mi lọ́rùn."

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ní ìdílé wa, ọkùnrin ló ń lu ìlẹ̀kẹ̀, obìnrin ló ń sín in. N kò mọ kókó tí wọ́n ń ta sí i. Bí mo bá so ó, yóò bọ́ sódò."

Òjòlá ní, "Irọ́ lò ń pa."

Ògúnṣakin na ọwọ́ méjèèjì sí i. Wọ́n ń gbọ̀n rìrì, nítorí iṣẹ́ ti tán. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ṣé ọwọ́ tó lè ta kókó nìyí?"

Òjòlá wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ni ó tú ara rẹ̀, Àyọ̀ká sì ṣubú lulẹ̀.

Ògúnṣakin pè é, "Àyọ̀ká." Kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, Àyọ̀ká sì wúkọ́. Ó dìde jókòó. Kò wo ọkọ, kò wo Òjòlá, òkúta ni ó wò. Ó ti okùn bọ inú ihò náà, ó so ó mọ́ Òjòlá lọ́rùn, ó ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òjòlá wo ara rẹ̀ nínú omi, ó sì wọ́ lọ. Wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ mọ irinṣẹ́ tó yẹ iṣẹ́, kí ẹ sì mọ ibi tí ọwọ́ ti ń dúró. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ń bà yín gan-an ni kí ẹ rọra. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn.

Ògúnṣakin kò kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn Àyọ̀ká sẹ́yìn, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.