Okùn Bàbà Tó Gba Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Orí àpáta ni ìlú Òkè-Agbọ́n wà, afẹ́fẹ́ kì í sì í sinmi níbẹ̀. Èyí ni Wúràọlá rí tó fi gbé òpó irin gíga kan nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọkọ rẹ̀, tó sì fi ẹ̀rọ amúnáwá tí afẹ́fẹ́ ń yí sórí rẹ̀. Òròmọdìẹ ló ń tà. Àpótí tó ń bá a sàba ẹyin kò gbọ́dọ̀ tutù, iná ìjọba kò sì ṣeé gbójú lé.

Ọkàn bàbá ọkọ rẹ̀, Alàgbà Oyèdòkun, kò balẹ̀. Ó ní ohun tó bá ga jù ni àrá máa ń kọ́kọ́ kí.

“Ìyàwó mi,” ni ó wí, “bí òjò bá ṣú tí o kò tíì rí nǹkan ṣe sí i, n ó wó òpó yìí lulẹ̀.”

Wúràọlá bẹ Múfútáù wẹ́dà, ẹni tó jó irin òpó náà pọ̀ tó sì bá a gbé e dúró, pé kó bá òun gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀ nídìí rẹ̀, kí àrá lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Múfútáù gbá a títí, àpáta ń tì í padà. Nígbà tó sú u, ó gé ọ̀pá náà kúrú, ó wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó ní ó ti wọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, adìẹ kan fi ẹsẹ̀ wa ibẹ̀. Eruku sọ, kùkùté ọ̀pá náà sì yí dànù. Wúràọlá mú un lọ fún Múfútáù, kò pariwo.

Múfútáù họ orí. “Ẹ má bínú, màmá. Àpáta ni. Ibo lẹ fẹ́ kí n gbá a sí?”

Wúràọlá ní kó tẹ̀ lé òun wálé. Ó rìn yí ilé ká, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí àpáta parí sí tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn lọ, kókò tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa gbogbo koríko yòókù. Ó fi igi gún ibẹ̀. Igi náà wọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni, pé ilẹ̀ tutù ló ń gba àrá mọ́ra.

“Ó jìn sí òpó,” ni Múfútáù wí. “Ta ni yóò la ilẹ̀ débẹ̀?”

“Èmi ni.”

Ó gbé dìgà. Láti ìdí òpó, ó la ilẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé ìdáná títí dé ìdí kókò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ìyá Olóròmọ fẹ́ fa àrá lọ wẹ̀, kó má gbàgbé kànìnkànìn. Ó ní ọṣẹ dúdú náà ti wà nílẹ̀. Ojú ti Múfútáù; ó gbá ọ̀pá gígùn mẹ́ta wọlẹ̀ níbẹ̀, ó sì tẹ́ okùn bàbà nínípọn sínú ilẹ̀ tí Wúràọlá là, ó fi so wọ́n mọ́ òpó.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, Alàgbà Oyèdòkun, tí kò gbà pé okùn bàbà yẹn tó, dé pẹ̀lú okùn láti fi wó òpó. Wúràọlá ti yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ, ó ti fi kúbùsù bo àpótí ẹyin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Inú ilé yìí lèmi náà máa wà.”

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wọlé. Wọn kò tíì jókòó tán tí àrá fi sán lu òpó náà. Ilé mì tìtì, etí wọn di.

Nígbà tí òjò dá, abẹ̀bẹ̀ kan lára ẹ̀rọ náà ti fọ́. Ṣùgbọ́n ògiri kò là, òrùlé kò jó, ẹyin ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn balùwẹ̀, ewé kókò ti rọ, èéfín sì ń rú lára ẹrẹ̀. Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ó sọ̀rọ̀ kan, ó sì ní kí wọ́n pe Múfútáù wá tún abẹ̀bẹ̀ ṣe. Ó ní òun fúnra òun ni yóò bá a di àkàbà mú.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ nídìí kókò lọ́jọ́ yẹn ló di òwe lẹ́nu gbogbo Òkè-Agbọ́n, pé ẹni tí yóò nawọ́ sójú ọ̀run, kó kọ́kọ́ wá ibi tí ilẹ̀ gbé tutù.