Yọ Orúkọ Àwẹ̀ró Kúrò
Ní yunifásítì, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Gbádégẹṣin nìkan ló ní kọ̀ǹpútà nínú ẹgbẹ́ wọn, ló bá sọ ara rẹ̀ di ọba. Láàárọ̀ ọjọ́ tí olùkọ́ fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò, ó ní kí Àwẹ̀ró, ẹni tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò ìṣírò máàkì tí wọ́n jọ ṣe, yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò, torí aláìní-kọ̀ǹpútà kì í gba máàkì. “Ó dáa, ọ̀gá,” ni Àwẹ̀ró wí. Ó yọ ọ́ lójú ewé àkọ́kọ́. Ó wá lọ sí ìlà kẹta nínú ètò náà, níbi tí wọ́n ti ṣí àpò tí máàkì ń wọ̀ sí, ó sọ àpò náà ní Àwẹ̀ró, ó sì rí i dájú pé gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ ń fi orúkọ yẹn pè é. Gbádégẹṣin tajú kán rí ìlà kẹta. “Ṣé o rò pé ojú mi fọ́ ni?” Ó fi ìka ara rẹ̀ pa ìlà náà rẹ́ ráúráú, kò wo àwọn ìlà ìsàlẹ̀. Olùkọ́ dé, ó ní kí ètò ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yarí, ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. “Ta ni Àwẹ̀ró?” ni olùkọ́ bi wọ́n. “Èmi ni, sà. Wọ́n ní n kò sí nínú iṣẹ́ yìí.” Olùkọ́ kọjú sí Gbádégẹṣin: “Kọ̀ǹpútà tìẹ gan-an ló ń wá a. Tún un ṣe kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo ni.” Gbádégẹṣin yíjú sí Àwẹ̀ró: “Àwẹ̀ró, dákun, ibo ni kí n kọ orúkọ ẹ sí?” “Ojú ewé àkọ́kọ́ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.”