Aṣọ Pupa Etí Adágún Àwẹ̀mọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jókòó dáadáa sórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ yẹn, kò ní dà yín nù, ó ti pẹ́ tó ti rí omi gbẹ̀yìn. Ẹ pa fóònù yín, torí èmi kì í bá ohun tó ń dún nínú àpò pín ọ̀rọ̀ sọ.

Èmi ni Ọdẹ́dìran, ọmọ Ọdẹ́níyì, ọmọ a-gbọ́-bú-ẹkùn-má-tadí-sẹ́yìn. Bàbá mi yọ sí ẹfọ̀n nídìí ìrókò, ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ní kó má wulẹ̀ fi ẹ̀tù ṣòfò. Bàbá bàbá mi mú àdá kan ṣoṣo wọ igbó, ó kó awọ ẹkùn bọ̀, ó sì mú ìyàwó bọ̀ pẹ̀lú. Inú irú ìran bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ inú mi korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á.

Kí wọ́n tó bí èyí tó kéré jù nínú yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí ìlú wa bí ẹ ṣe wá yìí. Fadérera ni aṣáájú wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Adágún Àwẹ̀mọ́ ni wọ́n bá wá. Omi ńlá ni láyé ìgbà náà, ẹni tó dúró létí rẹ̀ kì í rí òdìkejì, ṣùgbọ́n ó ti ń fà. Òjúoró ti bò ó lójú, ọ̀rá àti ike wọ́ sí etí rẹ̀, ẹja tó sì ń bọ́ sínú àwọ̀n kò tó ọbẹ̀ àpọ́n kan. Àwọn ọmọ náà ń bu omi sínú ìgò, wọ́n ń wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí ọ̀nì ń yé ẹyin sí nínú iyanrìn. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n bẹ àgbà, wọ́n bẹ ọmọdé, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹyin ọ̀nì lọ́dún náà, torí pé ọ̀nì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bó bá sì tán, adágún bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìlú ní àwọn ti gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Fadérera wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní òun fẹ́ dé ojú ìsun tó ń bọ́ adágún, kí òun mọ ìdí tí omi fi ń fà. Mo sọ fún un pé ẹ̀yìn Igbó Aláìdákẹ́ ni ìsun wà, pé Ìyá Àwẹ̀mọ́, ẹni tó ni omi, ló ń gbé ibẹ̀, kò sì fẹ́ràn àlejò. Ó ní bí ẹni tó ni omi bá wà níbẹ̀, òun gan-an ni òun fẹ́ bi. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wù mí. Ó fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ìtẹ́ ọ̀nì, èmi sì ki ìbọn mi, a gba ọ̀nà igbó lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ogun ni mo ń retí, àwọn tó ń kó ẹrù ni mo bá. Mo rí Olójú-Àtẹ́lẹsẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ń fi ọwọ́ rìn kí ẹrẹ̀ má baà kó sí i lójú. Mo rí Onírun-Àwọ̀n, tí ẹja máa ń há sí nírun láyé ọjọ́sí, àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rá ló há síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí Oníkùn-Mẹ́ta, tí ikùn kan ń ké ebi, tí èkejì ń ké òùngbẹ, tí ẹ̀kẹta ń bú àwọn méjèèjì. Mo rí ìwin olórí méjì tó gbé orí kan sínú agbọ̀n torí pé ọrùn tó gbé e ti gbẹ. Mo rí ebora arúgbó tó kán ìwo ara rẹ̀ fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Gbogbo wọn ká ẹní, wọ́n ru ìkòkò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí adágún, wọ́n ń lọ.

Mo na ìbọn sí ojú ọ̀nà, mo ní kí ẹni tó bá gbójú jù nínú wọn jáde wá. Oníkùn-Mẹ́ta ò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ́dìran, ọmọ a-pariwo-ju-ìbọn-lọ, ta lo fẹ́ pa? Ìlú rẹ ti bá ọ ṣe é tán.”

Mo dá a lóhùn pé, “Ìwọ tó o ní ikùn mẹ́ta tí ọ̀kan kò yó, ṣé ẹnu nìkan lo wá fi ń jà?”

Ó ní, “Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Padà lọ bá ikú ilé rẹ.” Ló bá bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mi ò puró fún yín.

A dé ojú ìsun. Ìyá Àwẹ̀mọ́ jókòó lé ẹrù rẹ̀, awọ ọwọ́ rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ó ń fi igbá bu ìsun náà sínú ìkòkò, ó fẹ́ gbé e lọ. Mo ki ara mi níwájú rẹ̀, mo ki bàbá mi, mo ki bàbá bàbá mi, arúgbó náà yán. Ó bi wá pé kí ló tún kù tí ọmọ aráyé fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ìgbà náà ni Fadérera kúnlẹ̀.

“Ìyá, àwọn ọ̀nì yé ẹyin lọ́dún yìí.”

Igbá dúró lọ́wọ́ ìyá náà. “Wọ́n yé?”

“Wọ́n yé, Ìyá. Ojú ara mi ni mo fi rí ìtẹ́ wọn.”

Ìyá Àwẹ̀mọ́ da omi inú ìkòkò padà síbi tó ti bù ú. Ó ní, “Mi ò mọ̀. Mo rò pé wọ́n ti kọ adágún sílẹ̀. Bí ọmọ ọ̀nì kan ṣoṣo bá wọ omi lọ́dún yìí, mo dúró, omi dúró. Bí ọ̀kan ò bá wọ̀ ọ́, ẹ má pè mí mọ́.”

Mo sun ìjálá títí a fi jáde nínú igbó. Ọmọ náà ń sáré níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ìlú wa fún yín. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Àmọ́ ọdẹ tiwa máa ń fúnni. Bí a bá pa ẹran tí apá wa ò ká, a ó so aṣọ pupa mọ́ igi tó wà nítòsí rẹ̀, ẹni tó bá rí i yóò mú ọ̀bẹ wá, yóò gé ìpín tirẹ̀. Aṣọ pupa ni ìpè wa. Lẹ́yìn tí a lọ tán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù pé kí màlúù má tẹ ìtẹ́ ọ̀nì mọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ti wá, ohun pupa túmọ̀ sí kí èèyàn jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ya aṣọ pupa, wọ́n so ó mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìtẹ́ yí etí adágún ká. Kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán kí wọ́n padà dé etí omi, ihò lásán ló kù nínú iyanrìn.

A dé, ìlú ń kọrin. Wọ́n tú jáde pàdé wa, wọ́n ń ki mí, wọ́n ń ki ìran mi, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdẹ ń fẹ́. Sàláwù, olórí àwọn apẹja, gbé àwo kan síwájú Fadérera, ẹyin ọ̀nì sísè ló kún inú rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ wa, o ṣeun. Gbogbo ibi tí ẹ fi aṣọ pè wá sí la dé. Ìpín tìrẹ rèé.”

Mo bi í pé ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò bẹ̀ wọ́n délé ni. Ó ní wọ́n bẹ àwọn, ṣùgbọ́n aṣọ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó sọ ọ́ láìtijú, epo ṣì wà létè rẹ̀. Títí dòní mi ò tíì dárí jì í, ó sì ti kú.

Fadérera ò sunkún. Ilé tó dára ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà, ó ní ẹ ṣeun. Ìyẹn ló dùn mí jù. Lẹ́yìn náà ló yí etí omi ká, ó ń tú aṣọ náà kúrò lára igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan rèé lára ìbọn mi, ó ti ṣá.

Wọ́n máa ń sọ pé omi tí ẹ̀dá máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Tiwa ṣàn kọjá. Nítorí náà, kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ igi onílé, ẹ bi í léèrè ohun tí nǹkan náà ń sọ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé mi tí ẹ dúró lẹ́yìn wọn, ẹ má mi orí sí mi, ẹnu tó fẹ́ jẹ kì í ṣe aláìgbọ́, ó kàn ń wá àwáwí ni.

Nígbà tí ẹ dé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi mí pé apá ibo ni Adágún Àwẹ̀mọ́ wà kí ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ dìde lórí ọkọ̀ yẹn, kí ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ ti ń rìn nínú rẹ̀ láti àárọ̀.