Ọwọ́ Ọ̀tún Láníyọnu

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ bi Láníyọnu oní-fótò léèrè.

Rọ́bà tó bo ara kámẹ́rà rẹ̀ níbi tó fi ń dì í mú ti ṣí létí, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì fẹ́ gbé e dání lọ fojú han bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ọmọge tó fẹ́ fẹ́. Ó ra gúlú.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kán díẹ̀ sí i, kó o gbé e sílẹ̀ dọ̀la."

"Màámi, ṣé rọ́bà tó ń ṣí lẹ fẹ́ kí àna mi rí?"

Ó da gúlú sí i bí ẹni ń da epo síṣu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú pinpin. Kó tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà. Ojú tì í láti sọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sílé àna rẹ̀.

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́ na ife omi sí i. Ó fọwọ́ òsì gbà á.

"Ta ló bí ẹ?" ni bàbá béèrè. "Ṣé òsì lẹ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nílé yín?"

Láníyọnu gbé ọwọ́ tòun ti kámẹ́rà sókè. Mọrẹ́nikẹ́ ló bu epo pupa wá, tó ń fi í pa ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ẹbí. Nígbà tí kámẹ́rà máa já bọ́, rọ́bà dúró sọ́wọ́ ọkọ ìyàwó.

"Ó dáa," ni bàbá wí, "gba omi rẹ."

Ó fọwọ́ ọ̀tún gbà á, tòun ti rọ́bà, kò sì lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.