Aṣọ Oyè Baálẹ̀ Ìdí-Agbọn

Kẹ́! Yóò dákẹ́ díẹ̀. Kẹ́!

Ìró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi létí bí mo bá ń ronú ilé. Èékánná àtàǹpàkò méjèèjì ìyá bàbá mi ló ń pàdé ara wọn, iná aṣọ ló sì ń kú láàárín wọn. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò tẹ́ aṣọ sórí itan, yóò máa tú ojú rírán rẹ̀ wò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí mo wà báyìí, n kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá àwọn ará ibí kò ní iná ni o, bóyá wọ́n ní in tí wọn kì í pa á ní gbangba. Bí ìyá àgbà bá pa á títí tó sú u, yóò na ọwọ́ sí wa kí a lè rí ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀, yóò ní: "Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Gbogbo yín lẹ mọ òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ tó rújú ni. Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí iná bá wà, ibẹ̀ ni pípa rẹ̀ wà? Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Kí ló wá gbé e dé ẹnu àgbà? A kì í fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pa òwe, àfi bí ẹnìkan bá ti wà rí tó mọ̀ ọ́n tí kò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni náà ni Lápàdé, Baálẹ̀ Ìdí-Agbọn.

Ìlú etí odò ni Ìdí-Agbọn, agboolé rẹ̀ kò pọ̀. Oyè ibẹ̀ dùn lẹ́nu ju bó ti wúwo lápò lọ. Aṣọ sányán kan ṣoṣo ni bàbá Lápàdé fi joyè, òun náà ni Lápàdé jogún. Èèwọ̀ aṣọ ọ̀hún ni pé omi kò gbọdọ̀ kàn án níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fi í joyè bá wà láàyè. Ojoojúmọ́ sì ni Baálẹ̀ ń dà á bora, nítorí kò ní òmíràn tó dára tó o.

Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Àwẹ̀ró. Ojúọlápé ni ọmọ wọn obìnrin. Kí ọmọ yìí tó lọ sílé ọkọ, ó rí ọmọ òkété kan he nídìí ọ̀pẹ, ó fi ẹ̀kọ àti èkùrọ́ tọ́ ọ dàgbà, ó sì sọ ọ́ ní Ẹ-má-sè-é, nítorí gbogbo àlejò tó bá wọlé tó rí i ló ń béèrè ìgbà tí ọbẹ̀ yóò jinná. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó lọ, ẹkún tó sun lórí òkété náà ju èyí tó sun lórí bàbá rẹ̀ lọ. Ilé ọkọ jìnnà, ẹranko náà kò lè bá a lọ. "Bàbá mi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀," ló wí, ó sì gbé e lé Lápàdé lọ́wọ́.

Lápàdé tọ́jú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òru ni òkété ń rìn, ọ̀sán ló ń sùn; abẹ́ sányán, lórí itan Baálẹ̀, ni Ẹ-má-sè-é sì ń sùn. Ẹni tó bá wá rojọ́ níwájú rẹ̀ yóò rí i tí aṣọ oyè ń mí sókè mí sódò.

Nígbà tó yá, Ẹ-má-sè-é bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Irun ọrùn rẹ̀ ń re. Àwẹ̀ró la irun náà sọ́tọ̀, ó wò ó, ó ní: "Iná ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún gbogbo agboolé. Iná òkété kì í jẹ ènìyàn. Lára òkété la bí i sí, òkété ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá awọ ara sọ ọ́ kó gbọ́? Ẹni tó jókòó ń dìde, ẹni tó dìde ń wá ibi tí yóò fi ẹ̀yìn họ. Kò sẹ́ni tó rí iná kan lára, kò sì sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Oníṣègùn kan ń kọjá lọ, ó ní kí wọ́n mú ewúrẹ́ wá kí òun bá wọn ṣe é.

"Ewúrẹ́ nítorí òkété?" ni Baálẹ̀ wí. "Ṣé òkété náà ni yóò jẹ ẹ́ ni?"

Ọ̀tún, ìjòyè tó tẹ̀ lé Baálẹ̀, ní kí wọ́n rẹ tábà sómi kí wọ́n fi wẹ ẹranko náà.

"Tábà, Bàbá Ọ̀tún?" ni Àwẹ̀ró wí. "Yóò pa iná, yóò sì pa òkété tẹ̀ lé e. Ẹ fi mí sílẹ̀, ohun tí a ó lò kò jìnnà, kò sì wọ́n."

Ó mú àdín, ó yọ́ ọ díẹ̀, ó fi pa irun Ẹ-má-sè-é láti orí dé ìdí ìrù kí iná má lè mí. Ó fi ọṣẹ dúdú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ó nù ún gbẹ kí òtútù má baà mú un, ó sì fi òòyà ya irun náà. Èyí tí òòyà kò kó, èékánná rẹ̀ pa á. Ó sun koríko inú agbọ̀n rẹ̀, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tuntun sí i. Nítorí pé àdín kì í pa ẹyin iná, ó dúró de ìgbà tí ẹyin yóò di iná, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá wẹ̀ ẹ́ tán, ara ẹranko a mọ́. Bí ó bá sùn lọ́sàn-án tó jí, iná a ti padà.

"Bàbá Ojúọlápé," ni Àwẹ̀ró wí, "a ti wẹ̀ ẹ́, a ti sun koríko rẹ̀. Ibi tó ń sùn sí lọ́sàn-án wá ńkọ́?"

Baálẹ̀ wo aṣọ èjìká rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Aṣọ oyè bàbá mi lo ń pè ní ibùsùn eku?"

"N kò pè é bẹ́ẹ̀ o. Eku ló ń sùn síbẹ̀."

"Kò síná láṣọ mi! Bí ó bá wà níbẹ̀, ṣé kò ní jẹ mí ni? Nínú gbogbo agboolé yìí, ta ni kì í họra? Èmi nìkan!"

Òótọ́ ni, kì í họra. Ohun tó fi dá ara rẹ̀ láre nìyẹn, òun náà ló sì fọ́ ọ lójú. Àwọn tó ń rojọ́ níwájú rẹ̀ ń rí iná tó ń gun ojú rírán sányán náà bí aláàárù tó ń gòkè. Wọn a gbójú kúrò. Ta ni yóò nàka sí aṣọ Baálẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ìjòyè wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Àwẹ̀ró gbé iyán wá. Baálẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló wà léèékánná rẹ yẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ òkété yín ni."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ba nǹkan jẹ́. Lápàdé gbójú sókè: "Ìwọ lò ń kó o wá! Ìwọ lò ń wẹ̀ ẹ́, ìwọ lò ń yà á, bí o bá sì ti fọwọ́ kàn án tán ni iná ń padà. Orí rẹ ló wà. Lọ fá a!"

Ọ̀tún dá òkèlè dúró lẹ́nu. Ní Ìdí-Agbọn, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ló ń fárí.

Àwẹ̀ró rọra gbé àwo kalẹ̀. "Bàbá Ojúọlápé," ló wí, "ṣé ẹ ti kú ni, tí wọn kò tíì wí fún mi?"

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Kí iyán náà tó tutù, Àwẹ̀ró ti di ẹrù rẹ̀ sínú igbá, ó ti kọjá odò lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ìjókòó Lápàdé kò gún mọ́. Bó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bó bá dé ẹ̀yìnkùlé, yóò gbàgbé ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Yóò pe Àwẹ̀ró kó tó rántí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń yọ́ àdín, òun ló ń ya irun, èékánná rẹ̀ ló ń pọ́n. Ó rán Ọ̀tún níṣẹ́: "Sọ fún un pé mo ti dárí jì í, kó máa bọ̀."

Ọ̀tún lọ, ó bọ̀. "Ó ní kí n kí yín. Ó ní kí lòun ṣe tí ẹ fi dárí ji òun?"

Ó tún rán an, ó di iṣu tì í. Iṣu náà padà bó ti lọ.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní kí n wo èékánná òun kí n lè ròyìn rẹ̀. Baálẹ̀, ó mọ́ tónítóní."

Lápàdé wo èékánná tirẹ̀. Lórí itan rẹ̀, Ẹ-má-sè-é ti gbẹ, kò tilẹ̀ yíjú sí èkùrọ́ tí ó nà sí i.

"Àwẹ̀ró ti lọ," ló wí, "orí Àwẹ̀ró sì bá a lọ. Ta ló wá ń kó iná wá, Ọ̀tún?"

Ọ̀tún gbójú sókè.

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà sóko ná."

"Kí lò ń wò yẹn?"

"Ẹyẹ ni."

"Lábẹ́ òrùlé?"

Lápàdé rí i pé aṣọ òun ni Ọ̀tún kò fẹ́ wò. Lápàdé bọ́ sányán lọ́rùn, ó gbé e jáde sínú oòrùn, ó tú ojú rírán rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Irun òkété kún ibẹ̀, ẹyin iná so mọ́ irun náà, àwọn tó ti dàgbà sì ń rìn láàárín wọn, ara wọn pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀, Baálẹ̀," ni Ọ̀tún wí wẹ́lẹ́. "Àwẹ̀ró nìkan ló sọ ọ́."

Lápàdé gbé ìkòkò ńlá kaná, ó da omi eérú sí i. Nígbà tó hó, ó gbé aṣọ oyè bàbá rẹ̀.

"Baálẹ̀! Omi kì í kàn án!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ti kú ni."

"Kí wọ́n wá pa iná rẹ̀ nígbà náà," ni Lápàdé wí, ó sì tì í wọnú omi.

Sányán náà súnkì, dídán rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́ láéláé. Lápàdé sá a, ó fi àdín pa Ẹ-má-sè-é, ó wẹ̀ ẹ́, ó dúró de ẹyin, ó tún un ṣe. Kò jẹ́ kó sùn lórí aṣọ kan tí omi gbígbóná kò tíì kàn mọ́. Kò tíì tún ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Irun tuntun hù lọ́rùn òkété, èékánná Baálẹ̀ mọ́, ìgbà náà ló tó pe Ọ̀tún.

"Ṣé kí n sọ pé ẹ ti dárí jì í?"

"Bí o bá sọ ọ́, má padà wá síbí."

Àwọn tó ń pọnmi létí odò lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ tó rán an, nítorí Ọ̀tún ń tún un sọ fún ara rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ẹnu wọn ló gbà di ti ìlú, tó di ohun tí à ń sọ fún ẹni tó bá ń bá ìyà jà tó sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ara tirẹ̀ ni ìdí náà wà. Wọ́n ní Àwẹ̀ró mú kí Ọ̀tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lójú bàbá rẹ̀, kó tó wọlé lọ gbé igbá rẹ̀. Ohun tí Lápàdé ní kó sọ nìyí:

"Àwẹ̀ró, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Aṣọ náà, tèmi ni. Mo ti fọ̀ ọ́."