Ihò Ẹ̀yìn Tí Òkété Gbẹ́ Fẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ẹ dáhùn dáadáa. Ó ti rẹ̀ mí láti àárọ̀, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí ẹ bá fi ohùn kékeré dá mi lóhùn, màá lọ sùn. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi kò sáré, kò fò. Ó rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó wá jókòó sẹ́nu ihò Òkété. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lẹ́yìn, tí ẹ jẹun alẹ́ tán tí ẹ tún ń jẹ ẹ̀pà, èmi ò bá yín wí o. Ẹ ṣáà máa gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, Òkété kan wà tó ti dàgbà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Inú ihò kan ní ìdí ọ̀pẹ ló ń gbé, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, àti àwọn ọmọ Àwẹ̀ró mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé òkété kì í gbẹ́ ihò olójú kan. Ojú kan wà níwájú, gbogbo ayé ń rí i. Èkejì wà lẹ́yìn, ó tóóró, òkété a sì fi ewé àti erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n. Bí ọdẹ bá fín èéfín sí ojú iwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà sá. Ihò ẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀mí wọn.

Òkété wa yìí fẹ́ràn ẹyìn. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́, bó bá sì jẹ ẹ́ tán, oorun ló kàn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí ó máa ń sáré kiri oko. Nígbà tó dàgbà, ó fi eré sísá sílẹ̀, kò fi ẹyìn sílẹ̀. Ikùn rẹ̀ wá ń wọ́ nílẹ̀. Bó bá rìn díẹ̀, a dúró mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọdẹ wá fín ihò wọn. Wọ́n sáré gba ẹ̀yìn. Bàbá ló ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó sì há sẹ́nu ihò. Àwẹ̀ró fi orí tì í láti ẹ̀yìn, èéfín ń wọ àwọn ọmọ rẹ̀ nímú. Ó tì í, ó tì í, títí bàbá fi já síta. Orí ló yọ wọ́n. Àmọ́ àbíkẹ́yìn Àwẹ̀ró wúkọ́ títí òjò fi dé.

Lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, mi ò bú yín o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọdẹ yẹn á padà wá ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá tún há, gbogbo wa la máa kú sẹ́yìn yín.”

“Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Mo ti darúgbó. Ara arúgbó kì í gbọ́ràn.”

“Ẹ jẹ́ ká dín ẹyìn alẹ́ kù. Kí ẹ máa bá Ìgbín ọ̀rẹ́ yín rìn dé odò ní ìdájí. Bí oṣù bá ti lé, kí ẹ gba ihò ẹ̀yìn kọjá lójú mi. Ìyẹn la ó fi mọ̀ bóyá ara yín ń fúyẹ́.”

“Ṣé o mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu?”

“Mo mọ̀, Bàbá. Màá bọ́ yín. Kò sí ohun tí mo ní tí kì í ṣe tiyín. Ẹ ṣáà bá mi rìn.”

Òkété ní òun gbọ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú “mo gbọ́” yẹn rí nínú agbolé yìí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Ìgbín wá pè é. Ìgbín náà ti dàgbà, ẹ sì mọ bí ìgbín ṣe ń rìn. Síbẹ̀, Òkété ò lè bá a dé ìyànà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀pẹ kan lójú ọ̀nà, ó jókòó.

“Máa lọ,” ó sọ fún Ìgbín. “Bí o bá ń padà bọ̀, kí o pè mí.”

“Odò ni ọmọ rẹ ní kí o dé.”

“Odò ò ní sá lọ.”

Ìgbín wò ó. Kò bá a jà, kò ní okun ìjà ní ìdájí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Òkété ṣa ẹyìn tó jábọ́, ó jẹ ẹ́ yó, ó kó ìyókù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí Ìgbín tó padà, ó ti fi ìrì ara ewé pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tutù bíi ti ẹni tó dé odò. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́.

Àwẹ̀ró a rí ẹsẹ̀ tó tutù, inú rẹ̀ a dùn, a sì fi orin pàdé bàbá rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá mi, ẹ máa rìn bọ̀,
*Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.*
Ihò ẹ̀yìn kò gba ikùn,
*Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.*
Iná kì í dúró de àgbà,
*Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.*

Oṣù lé. Òkété mọ̀ pé òun ò lè kọjá. Nígbà tí Àwẹ̀ró lọ wá oúnjẹ, ó lọ sí ihò ẹ̀yìn, ó fi eyín gé erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gé e títí ihò fi gba ikùn rẹ̀. Ó ti erùpẹ̀ náà síta. Iṣẹ́ yẹn mú un làágùn ju ìrìn odò lọ. Ọ̀lẹ ò mọ̀ pé wàhálà tí òun ń sá fún kò tó èyí tí òun ń ṣe.

Àwẹ̀ró dé, bàbá kọjá wẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Òkùnkùn ihò kò jẹ́ kó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni.”

“Ó rẹ̀ mí o, ọmọ mi. Ìrìn yẹn ń gba agbára. Ó yẹ ká fi ẹyìn díẹ̀ kún oúnjẹ mi.”

Àwẹ̀ró fi kún un. Ibo ló ti mú un? Ó kọ́kọ́ mú un nínú ti ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń mú un nínú ti àwọn ọmọ. Oṣù mìíràn lé, Òkété tún fẹ ihò náà, ó tún gba ẹyìn. Ihò tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò wá di ihò tó gba orí ewúrẹ́. Erùpẹ̀ pupa ṣe gegele síta.

Ìgbín ló kọ́kọ́ rí i.

“Òkété, erùpẹ̀ tuntun wo ni mo ń rí lẹ́yìn ilé yín?”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”

“Èmi tí ojú mi ò ríran dáadáa, mo rí i. Ta ni kò ní rí i?”

“Má sọ fún Àwẹ̀ró. Inú ọmọ náà ń dùn. Ṣé o fẹ́ ba inú ọmọ jẹ́ ni?”

Ìgbín mí kanlẹ̀. “Ihò lo sọ di ńlá, Òkété. Ìwọ fúnra rẹ ò tíì kéré.”

Ẹ̀ẹ̀rùn padà dé. Ọyẹ́ mú, ewé gbẹ, ọdẹ sì wá pẹ̀lú ajá rẹ̀. Lọ́dún yìí, kò wá ihò ẹ̀yìn kiri rárá. Ó rí erùpẹ̀ pupa, ó rí ihò tó yanu, ó ta àwọ̀n bò ó, ó ní kí ajá jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, ó lọ dáná síwájú.

Èéfín wọlé. Àwẹ̀ró kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sáré lọ sẹ́yìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, torí bàbá rẹ̀ ti lè kọjá. Ó débẹ̀, ó rí ìmọ́lẹ̀ níbi tó yẹ kó ṣókùnkùn. Ó rí bí ihò ti fẹ̀ tó. Ó rí àwọ̀n, ó sì gbọ́ ajá tó ń mí. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ta ló fẹ ihò yìí?”

Òkété fà sẹ́yìn kúrò níbi ìmọ́lẹ̀ náà.

“Gbogbo oṣù tí mo ń pàtẹ́wọ́?”

“Èmi ni,” Òkété wí. “Mi ò rìn ín, Àwẹ̀ró. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọ.”

Àwẹ̀ró ò pariwo. Àárẹ̀ tó mú un lọ́jọ́ náà ju ìbínú lọ. Ó kọjú sí ògiri ihò níbi tí gbòǹgbò ọ̀pẹ ti mú kí ilẹ̀ rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín àti èékánná gbẹ́ ọ̀nà mìíràn. Òkété fẹ́ bá a gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ díẹ̀, èémí rẹ̀ tán. Ó wo àwọn ọmọ tó ń wúkọ́. Ó bá padà sápá iwájú, ó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà èéfín, ó kọ ìrù sí iná. Ohun kan ṣoṣo tí ikùn yẹn lè ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọdẹ fi ọ̀pá ti eérú gbígbóná wọnú ihò. Eérú bo ìrù Òkété, ó ń jó o. Kò kígbe, kò sì kúrò.

Àwẹ̀ró gbẹ́ ẹ já. Àwọn ọmọ jáde, òun náà jáde. Ó ku bàbá. Òkété ti orí bọ ọ̀nà tuntun náà, ó ti èjìká bọ̀ ọ́, ikùn sì há.

“Kó àwọn ọmọ rẹ lọ,” ó wí. “Fi mí sílẹ̀.”

Àwẹ̀ró ní kí àwọn ọmọ sá tọ Ìgbín lọ nínú igbó ẹ̀gún. Òun padà sídìí ihò. Ó ń fi eyín gé erùpẹ̀ yí bàbá rẹ̀ ká, ó ń gé gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ajá gbóòórùn wọn. Bí ajá ti ń bọ̀ ni Òkété já síta, irun ìhà rẹ̀ méjèèjì kù sílẹ̀. Wọ́n wọ igbó ẹ̀gún, ajá ò sì lè bá wọn débẹ̀.

Wọ́n ní láti gbẹ́ ilé mìíràn. Àwẹ̀ró gbẹ́ ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ní tóóró, kò sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ odò mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti bó, kò lè pa ẹyìn jẹ.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Ìgbín kò wá pe Òkété. Òkété ló lọ pe Ìgbín. Ó rìn dé ìyànà, ó jókòó, ó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó kọjá ìyànà díẹ̀. Ara ń ro ó, ìrù ń ro ó. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ lọ, ó sì lọ. Òjò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé odò. Ó bu omi mu níbẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Lójú ọ̀nà ilé, ó ṣa ẹyìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò gbé ọ̀kan mì. Ó dé ilé, ó jẹ ẹ́ kúnná, ó fi bọ́ Àwẹ̀ró. Òkété àgbà ló ń bọ́ ọmọ rẹ̀ báyìí.

Oṣù kan lé, Òkété pe Àwẹ̀ró síta.

“Wá wò mí.”

Ó wọ ihò ẹ̀yìn láti inú. Èjìká rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́, ìbàdí rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́. Ó rọra ń bọ̀, ó jáde.

Àwẹ̀ró ò pàtẹ́wọ́. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ihò náà yíká, ó ń wò ó bóyá erùpẹ̀ tuntun wà níbẹ̀. Òkété dúró, kò bínú. Kò sí erùpẹ̀ tuntun. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró tó gbé orin rẹ̀ sókè:

Bàbá mi, ẹ máa rìn bọ̀,
*Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.*

Bí ẹ bá rí òkété lónìí, ẹ wo ìrù rẹ̀. Apá kan dúdú, apá kan funfun. Eérú ọjọ́ yẹn ni kò ṣí kúrò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ lè fi ẹsẹ̀ tútù tan ọmọ yín jẹ, ẹ ò lè fi tan ara yín. Ẹni tó fẹ ihò dípò kí ó dín ikùn kù, ọ̀nà ló ń là fún ọdẹ, àwọn tó sì fẹ́ràn rẹ̀ ló máa bá a jìyà rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́pà, Òkété ti darúgbó kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dé odò.

Bí mo bá purọ́, kí orúnkún mi má jẹ́ kí n dìde níbí. Rárá, ẹ má fà mí. Ẹ fi mí sílẹ̀, màá dìde fúnra mi. Ẹ ṣáà bá mi gbè é.

*Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.*